Bí Ọyàn Àtọwọ́dá Bá Gbó

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń sọ ní kọ̀rọ̀, tàbí kí wọ́n máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọyàn àtọwọ́dá ni, èyí tí àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ máa ń fi sí àyà obìnrin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ rárá. Káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ní in lára. Àwọn kan fi í sí i nítorí ẹwà. Àwọn mìíràn sì wà tí àrùn jẹjẹrẹ mú kí wọ́n gé ọyàn wọn, tí wọ́n sì fẹ́ kí àyà wọn tún rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè tí a ó gbé yẹ̀ wò ni èyí: ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe, tí a wá gbé sínú ara ènìyàn, yóò ha pẹ́ tó ẹni tí ó gbé e bí? Bí kò bá pẹ́ tó o, kí ni a ń ṣe sí i? Ta ni yóò sì san owó iṣẹ́ náà?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Àpò kan ni, tí ó rọ̀ bíi rọ́bà, tí ọwọ́ lè gbá mú. Sílíkónì ni wọ́n fi ń ṣe awọ àpò náà. Inú iyanrìn ni èròjà tí ó jẹ́ gbòǹgbò sílíkónì ti ń wá. Àwọn onímọ̀ a yọ ọ́, wọn a sì pò ó pọ̀ mọ́ àwọn èròjà mìíràn títí yóò fi di ohun tí ó rọ̀, tí ó sì ń nà. Oríṣi méjì ni àpò yìí, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n rọ omi oníyọ̀ sínú wọn, irú omi iyọ̀ tí ilé ìwòsàn ń fà sí aláìsàn lára. Àwọn kejì ni èyí tí wọ́n fi sílíkónì kan náà kún, ṣùgbọ́n tí wọn kò jẹ́ kí ó le tán, tí ó ki bí ẹ̀kọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Oníṣẹ́ abẹ a la awọ ara díẹ̀, nígbà púpọ̀ ní abẹ́ ọyàn níbi tí ojú kì í tètè rí, a sì ti àpò náà bọ̀ ọ́, yálà lẹ́yìn ẹran ọyàn tàbí lẹ́yìn iṣan àyà.

Kì í ṣe òní ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà àtiṣe èyí. Ní ọdún 1895, ní ìlú Heidelberg ní ilẹ̀ Jámánì, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tí ń jẹ́ Vincenz Czerny gé kókó kan kúrò nínú ọyàn obìnrin kan. Kí ọyàn náà má baà jìn wọnú, ó mú kókó ọ̀rá kan tí ó wà ní ẹ̀yìn obìnrin kan náà, ó sì fi dí ààyè náà. Ọ̀rá ara ẹni ni, nítorí náà ara kò kà á sí àlejò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní irú kókó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, àwọn kan sì wá ọ̀nà àbùjá. Wọ́n yọ́ páráfínì, èyí tí a fi ń ṣe àbẹ́là, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ gún un sínú ọyàn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn kan ní ilẹ̀ Japan gún sílíkónì olómi sínú ọyàn bákan náà. Àbùjá kò kan ọ̀nà. Páráfínì àti sílíkónì olómi kò dúró sí ibi tí wọ́n gún un sí. Wọ́n ń rìn kiri nínú ẹran ara, wọ́n ń di kókó líle, wọ́n ń di egbò, àwọn obìnrin mìíràn sì ti ipa bẹ́ẹ̀ pàdánù ọyàn wọn pátápátá. Ẹ̀kọ́ tí àwọn dókítà rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ohun tí a bá fẹ́ fi sínú ara gbọ́dọ̀ wà nínú àpò tí yóò ká a mọ́.

Èyí ni àwọn dókítà méjì kan, Thomas Cronin àti Frank Gerow, ṣe ní ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ́kọ́ fi àpò sílíkónì sí ara ajá kan tí wọ́n ń pè ní Esmeralda. Nígbà tí ó di ọdún 1962, wọ́n fi í sí ara ènìyàn àkọ́kọ́, obìnrin kan tí ń jẹ́ Timmie Jean Lindsey, ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà. Ẹ gbọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ o. Obìnrin yìí kò lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ọyàn. Ó lọ kí wọ́n lè bá a pa òdòdó tí ó ti fín sí àyà rẹ́ ni. Nígbà tí àwọn dókítà wá fi ọ̀rọ̀ àpò tuntun náà lọ̀ ọ́, ó ní etí òun tí ó yọ síta ni ó ń dun òun jù. Wọ́n ṣe àdéhùn pé àwọn yóò bá a tún etí náà ṣe, òun náà sì gbà fún wọn. Ní ọdún 2012, nígbà tí àwọn oníròyìn wá a lọ, ó ti tó ẹni 80 ọdún, àpò ọjọ́sí náà sì ṣì wà lára rẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ẹyọ ènìyàn kan ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó tẹ̀lé e ni ó ti padà sí orí ibùsùn oníṣẹ́ abẹ kí ọdún 10 tó pé.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ara máa ń ṣe sí àlejò. Bí ẹ̀gún bá ha sí ènìyàn lẹ́sẹ̀ tí a kò rí i yọ, ara kì í dákẹ́. Bí kò bá lè tì í jáde, yóò kọ́ ògiri yí i ká. Ẹ ti rí igi tí wọ́n so wáyà mọ́ rí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èèpo igi náà ń bo wáyà náà títí a kò fi ní rí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara ń ṣe sí àpò sílíkónì. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀, ó ti hun èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí àpò náà ká. Gbogbo ẹni tí ó ní àpò yìí lára ni ó ní èèpo yìí, kì í sì í ṣe àìsàn. Òun gan-an ni ó ń mú kí àpò náà dúró sí ojú kan.

Wàhálà dé nígbà tí èèpo náà bá bẹ̀rẹ̀ sí nípọn, tí ó sì ń súnkì bí awọ ìlù tí a sá sóòrùn. Nígbà náà ni yóò máa fún àpò náà mọ́ra. Àwọn dókítà pín líle rẹ̀ sí ìpele mẹ́rin. Ní ìpele kìíní, ọyàn rọ̀, kò sì sí ohun tí ojú rí. Ní ìpele kejì, ó le díẹ̀ sí ọwọ́, ṣùgbọ́n ojú kò tíì rí i. Ní ìpele kẹta, ó ti le, ojú sì ti ń rí i pé ó ti yí padà. Ní ìpele kẹrin, ó le gan-an, ó sì ń dun obìnrin náà, bóyá ó sùn ni o, bóyá ó gbé ọmọ mọ́ àyà ni o. Líle yìí wà lára ìdí pàtàkì tí a fi ń padà ṣe iṣẹ́ abẹ náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ìdí kejì ni pé àpò lè ya. Ẹ ronú bí àpò náà ti ń ká, tí ó ń nà, ní ìgbà gbogbo tí obìnrin náà bá tẹ̀ síwájú, tí ó bá gún iyán, tí ó bá sùn dojúdé. Ibi tí ó bá ń ká nígbà gbogbo ni yóò kọ́kọ́ fẹ́lẹ́, bí etí àpamọ́wọ́ tí a ń ṣí tí a ń pa. Bí ó bá jẹ́ àpò olómi ni ó ya, kò lè fara pamọ́. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ọyàn kan yóò ti sọ̀, omi iyọ̀ náà yóò sì wọ inú ara lọ láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti sílíkónì tí ó ki, ó lè ya kí obìnrin náà má mọ̀ rárá, nítorí èèpo tí ara hun ṣì ká a mọ́. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Nígbà mìíràn a máa yọ́ jáde kọjá èèpo náà, a sì lọ di kókó ní abíyá. Ìdí kẹta ni pé ara ènìyàn kò dúró lójú kan. Obìnrin a lóyún, a tọ́mọ, a sanra, a rù, a dàgbà. Ọyàn ń wálẹ̀, àpò náà kò sì bá a lọ síbi kan náà.

Nítorí náà ni àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, tí à ń pè ní FDA, ṣe sọ ọ́ gbangba pé ọyàn àtọwọ́dá kì í ṣe ohun tí a fi sí ara títí ayé. Wọ́n ní bí ó bá ti ń pẹ́ sí i lára ni wàhálà rẹ̀ ń súnmọ́ sí i. Wọ́n tún ní, nínú obìnrin márùn-ún tí ó fi í sí ara nítorí ẹwà, ó tó ẹnì kan tí yóò ní láti yọ ọ́ láàrin ọdún 8 sí 10. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáradára o, nítorí àwọn ènìyàn máa ń gbọ́ ọ ní àgbọ́yé. Kò túmọ̀ sí pé bí ọdún 10 bá ti pé, dandan ni kí a pààrọ̀ rẹ̀, bí ẹni pàrọ̀ táyà ọkọ̀. Bí kò bá le, tí kò ya, tí kò sì dun ẹni tí ó ni ín, a lè fi í sílẹ̀. Ṣíṣọ́ ni a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Báwo ni a ṣe ń ṣọ́ ohun tí ojú kò rí? Ọwọ́ dókítà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè mọ àpò tí ó ya ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹ̀rọ ni ó lè mọ̀ ọ́n. Èkíní ni ẹ̀rọ ayàwòrán tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún. Èkejì ni ẹ̀rọ MRI, èyí tí ó ń fi agbára òòfà yàwòrán inú ara. Láti ọdún 2020 ni FDA ti ń gba àwọn obìnrin tí ó ní àpò sílíkónì ní ìmọ̀ràn pé kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 5 tàbí 6 lẹ́yìn tí wọ́n fi í sí i, bí kò tilẹ̀ dùn wọ́n, kí wọ́n sì máa padà lọ ní ọdún méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta.

Wàyí o, jẹ́ kí a gbà pé ó ti di dandan. Kí ni oníṣẹ́ abẹ ń ṣe? Wọn a fún obìnrin náà ní oògùn tí yóò mú un sùn fọnfọn. Oníṣẹ́ abẹ a sábà gba ojú àpá àtijọ́ wọlé, kí ó má baà dá àpá mìíràn. Yóò gé e títí yóò fi kan èèpo tí ara ti hun. Bí èèpo náà bá rọ̀, tí kò sì ní àbùkù, ó lè là á, kí ó fi púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ti nípọn, tí ó sì ti le, yóò bó o kúrò. Bí sílíkónì bá ti tú síta, yóò fọ ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Bí ohun kan bá mú un fura, yóò fi díẹ̀ nínú èèpo náà ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Lẹ́yìn èyí ni yóò tún ààyè náà ṣe. Nígbà mìíràn a máa gbé àpò tuntun sí ẹ̀yìn iṣan àyà, bí ti àtijọ́ bá wà níwájú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ó di dandan kí ó gé awọ tí ó ti nà jù, kí ó sì gbé ọyàn náà sókè.

Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì sábà máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ó ń kọ́lé sí orí ilẹ̀ tuntun kò ṣe wàhálà tó ẹni tí ó ń wó ilé àlàpà kí ó tó kọ́ òmíràn. Ẹran ara ti fẹ́lẹ́, àpá ti wà, ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn dé ibẹ̀ dáadáa bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ̀jẹ̀ lè dà, kòkòrò àrùn lè wọ ibẹ̀, orí ọmú lè kú tìpìrì, èèpo tuntun pàápàá sì lè tún le. Àwa ènìyàn dúdú sì ní ìdí pàtàkì láti béèrè nípa àpá, nítorí pé ara wa yára láti hu àpá tí ó máa ń wú jáde ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, obìnrin náà kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí ó bá ní ọmọ kékeré tàbí iṣẹ́ agbára gbọ́dọ̀ ti wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ ṣáájú.

Kì í sì í ṣe dandan kí a fi òmíràn dípò. Àwọn obìnrin kan a ní, ẹ bá mi yọ ọ́, ó tán. Àwọn mìíràn a jẹ́ kí dókítà fa ọ̀rá láti itan tàbí ikùn wọn, kí ó sì fi sí ọyàn. Àwọn tí jẹjẹrẹ gba ọyàn lọ́wọ́ wọn lè jẹ́ kí a gé awọ àti ọ̀rá ikùn wọn, kí a fi mọ ọyàn tuntun. Iṣẹ́ tí ó pẹ́, tí ó sì le ni, ṣùgbọ́n ẹran ara ẹni ni, kì í gbó bíi rọ́bà. Ẹ rí i pé a tún ti padà sí ọgbọ́n Czerny ti ọdún 1895.

Títí dé ibí yìí, ohun tí a ti ń sọ ni àpò tí ó gbó nítorí ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n àpò mìíràn wà tí ó jẹ́ pé èrú ni ó bà á jẹ́. Ní ìlú La Seyne-sur-Mer, ní etí òkun gúúsù ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jean-Claude Mas dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1991, tí à ń pè ní PIP. Ọyàn àtọwọ́dá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọ́n sì ń tà á káàkiri ayé. Ìjọba fi àṣẹ sí irú sílíkónì kan tí ó yẹ fún ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n sílíkónì tí ó rọ̀ lówó, tí a ṣe fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí fún ìwòsàn, ni iléeṣẹ́ yìí ń rọ sínú àpò púpọ̀. Nígbà tí àwọn ayẹ̀wò bá ń bọ̀, wọn a kó o pamọ́. Ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ èyí fún àwọn ọlọ́pàá.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ ni ó kọ́kọ́ fura, nígbà tí wọ́n rí i pé àpò iléeṣẹ́ yìí ń ya ní àyàjù. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, ìjọba Faransé wọ iléeṣẹ́ náà, wọ́n sì dá títà rẹ̀ dúró. Nígbà náà, ọ̀kẹ́ àìmọye obìnrin ni ó ti ní in lára: bí 30,000 ní ilẹ̀ Faransé, bí 47,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn mìíràn ní orílẹ̀-èdè tí ó ju 60 lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2011, ìjọba Faransé gba gbogbo obìnrin tí ó ní in ní ìmọ̀ràn pé kí wọ́n lọ yọ ọ́, bí kò tilẹ̀ tíì ya. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, ilé ẹjọ́ ní ìlú Marseille rán Mas ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin, ó sì bu owó ìtanràn 75,000 yúrò lé e. Ó kú ní ọdún 2019.

Àmọ́ ẹ̀wọ̀n ẹnì kan kò yọ àpò kúrò ní àyà ẹlòmíràn. Ibí yìí ni ìbéèrè owó ti dìde. Ní ilẹ̀ Faransé, ìjọba san owó yíyọ fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí jẹjẹrẹ gé ọyàn wọn nìkan ni ó san owó àpò tuntun fún. Ní England, ètò ìlera ìjọba pààrọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí òun fúnra rẹ̀ fi í sí lára. Àwọn tí wọ́n lọ ṣe é ní ilé ìwòsàn aládàáni, tí ilé ìwòsàn náà sì ti kógbá wọlé tàbí tí ó kọ̀ láti ṣe é, ìjọba ní òun yóò bá wọn yọ ọ́, ṣùgbọ́n òun kò ní fi òmíràn dípò. Ní Wales, tí kò jìnnà sí wọn, ìjọba ní òun yóò yọ ọ́, òun yóò sì tún fi òmíràn sí i. Ẹ rò ó wò. Àwọn kan ní, ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ wá ẹwà, kí ó fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe. Àwọn mìíràn ní, obìnrin wọ̀nyí kò dá ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó ní òǹtẹ̀ àṣẹ ni wọ́n rà. Èmi rò pé ẹni tí ó ra ọjà olóǹtẹ̀ kò yẹ kí ó nìkan jẹ gbèsè èrú tí òǹtẹ̀ náà kò rí.

Amẹ́ríkà ti rìn ní ọ̀nà báyìí ṣáájú. Títí di ọdún 1976, kò sí òfin tí ó fún FDA ní agbára láti yẹ irú nǹkan báyìí wò kí wọ́n tó tà á. Nígbà tí òfin dé, àpò sílíkónì ti wà ní ọjà, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1992, lẹ́yìn ẹ̀sùn púpọ̀, FDA dín lílò rẹ̀ kù. Àwọn tí jẹjẹrẹ gé ọyàn wọn àti àwọn tí wọ́n wà nínú ìwádìí nìkan ni ó kù tí ó lè rí i gbà. Ní ọdún 1999, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé kan yẹ gbogbo ìwádìí wò. Wọn kò rí ẹ̀rí pé ó ń fa àwọn àrùn ńlá inú ara tí wọ́n fi ń sùn ún, ṣùgbọ́n wọ́n ní líle, yíya àti iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ni ewu rẹ̀ gan-an. Ní ọdún 2006 ni FDA tún fi àṣẹ sí títà rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù. Láti ọdún 2011 ni FDA ti kìlọ̀ nípa irú jẹjẹrẹ kan tí kò wọ́pọ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ ọyàn. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí í gbèjà ara, nínú èèpo tí ó yí àpò ká. Ara àwọn tí ó ní àpò tí ojú rẹ̀ rí ṣákáṣàka ni wọ́n ti sábà ń rí i, kì í ṣe èyí tí ó ń dán. Ní oṣù keje ọdún 2019, iléeṣẹ́ Allergan kó irú àpò rẹ̀ tí ń jẹ́ Biocell kúrò lọ́jà ní gbogbo ayé, nítorí pé FDA béèrè bẹ́ẹ̀. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé ọyàn kan yóò kàn wú lójijì, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí iṣẹ́ abẹ ti jinná, tí omi yóò sì gbá jọ yí àpò náà ká. Bí a bá tètè rí i, tí a sì yọ àpò pẹ̀lú gbogbo èèpo rẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ ni ó ń sàn. Nítorí náà ẹni tí irú wíwú bẹ́ẹ̀ bá dé sí kò gbọdọ̀ fi àgbo tàbí ìpara dá ara rẹ̀ dúró. Kí ó tọ dókítà lọ ní kíá.

Kí ni kí a wá mú dání nínú gbogbo èyí? Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba irú nǹkan báyìí sí ara, tàbí tí ẹbí rẹ̀ bá fẹ́ gbà á, kí ó béèrè ohun mẹ́rin kí oògùn oorun tó wọ̀ ọ́ lára. Kí ni orúkọ iléeṣẹ́ tí ó ṣe àpò yìí, kí sì ni nọ́ńbà rẹ̀? Ta ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò fún mi, ní ọdún mélòó-mélòó? Bí ó bá ya tàbí tí ó bá le, ta ni yóò yọ ọ́, èló ni yóò sì ná mi? Bí ilé ìwòsàn yìí bá kógbá wọlé, níbo ni ìwé mi yóò wà? Kí ó gba káàdì tí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà àpò náà sí, kí ó sì fi í pamọ́ bí ẹni fi ìwé ilẹ̀ pamọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ PIP bẹ́ sílẹ̀, àwọn obìnrin mìíràn kò lè sọ irú èyí tí ó wà lára wọn. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, England dá ìwé àkọsílẹ̀ gbogbogbòò kan sílẹ̀, kí a lè máa mọ ẹni tí ó gba irú àpò báyìí àti iléeṣẹ́ tí ó ṣe é.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sí orí ọyàn nìkan. Egungun ìbàdí tí a fi irin ṣe ń gbó. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi sí àyà kí ó máa ran ọkàn lọ́wọ́ ń gbó, bátìrì rẹ̀ sì ń tán. Eyín àtọwọ́dá ń gbó. Àǹfààní ńlá ni gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wà láàyè nítorí wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn sì ní ọjọ́ orí tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ta á fún wa gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ orí náà fún wa, ìjọba tí ó fi òǹtẹ̀ sí i gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ lẹ́yìn títà, àwa tí a sì gbé e sára gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí a ó gbà tọ́jú rẹ̀.